Kò dùn mí, ó kàn wúwo ni: bí ọkàn ṣe kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wa

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹlòmíràn tó sọ tiẹ̀. Ẹni ọdún 51 ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. 168 lórí 104 ni ẹ̀rọ kà lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ bó bá ti ń jẹ́ 140 lórí 90 léraléra, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní amlodipine. Mo lò ó fún oṣù mẹ́ta, ó wálẹ̀, mo bá pa oògùn tì, mo ní ara mi ti yá. Mi ò mọ̀ pé oògùn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àbí wọ́n tiẹ̀ sọ, etí mi ni ò gbọ́. Mo tún ń fa sìgá, bàbá mi sì ti ṣubú lulẹ̀ kú lẹ́ni ọdún 53. Gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀, ìkankan ò sì dùn mí.

Lọ́jọ́ tó máa ṣẹlẹ̀, àtẹ̀gùn ni mò ń gùn. Mo dé ìdajì, nǹkan kan jókòó lé mi láyà. Ẹ gbọ́ mi yé o: kò gún mi, kò ta mí. Ó wúwo ni, bí ìgbà tí àgbàlagbà fi orúnkún tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Òógùn tútù bò mí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan ni mò ń rí. Ó tó 40 ìṣẹ́jú tí mo fi ń sọ fún ara mi pé yóò lọ. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí títí dòní, torí ẹran ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́, kíkú ló ń kú lọ, èyí tó bá sì ti kú kì í jí.

Ní ọsibítù, wọ́n fún mi ní aspirin pé kí n rún un lẹ́nu kí n tó gbé e mì, wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà. Dókítà ní òpó ẹ̀jẹ̀ kan ló dí pátápátá. Ọ̀rá tó ti ń lẹ̀ mọ́ ara òpó yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ ló sán, ẹ̀jẹ̀ wá dì lé e lórí. Mo ti ń rò ó pé àyà ni wọn yóò là, àṣé ọrùn ọwọ́ ni wọ́n máa gbà wọlé. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bàlúùnù kékeré lẹ́nu ẹ̀, àti stent, ìyẹn páìpù oníwáyà tó ń gbé ojú òpó sílẹ̀ kó má baà tún pa dé. Ojú mi là sílẹ̀, mò ń wò ó lójú ẹ̀rọ: ìlà dúdú kan tó kàn gé kúrú, ìgbà tó yá ló ṣàn dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó jókòó lé mi láyà sì dìde. (Mo kà á lẹ́yìn náà pé dókítà ará Jámánì kan, Werner Forssmann, ti irú okùn bẹ́ẹ̀ gba apá ara rẹ̀ dé inú ọkàn ní 1929, ó sì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ síbi X-ray. Àyà kó o!)

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o. Tèmi ò tiẹ̀ wúwo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń dùn mí, mo sì lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Èébì ń gbé mi, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ti ń rẹ̀ mí bí ẹni gbé òkúta. Mo ti ní àtọ̀gbẹ fún ọdún 12, òun ló máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, tí ọkàn á máa joró tí àyà ò ní sọ nǹkan kan. Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ìlù ọkàn mi dára, inú ló ń yọ mí lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì kan ló takú pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí n lọ, ó ní kí wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Ìgbà kejì yẹn ni troponin fò sókè, ìyẹn ohun tí ọkàn máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bó bá fara pa. Ohun tí ẹnì kankan ò sì bi mí ni bóyá ẹ̀jẹ̀ mi ru nígbà tí mo lóyún. Ó ru gan-an ni. Ẹ̀yin obìnrin tó ka èyí, ẹ máa sọ ọ́ fún dókítà yín, ká tiẹ̀ ní ọmọ yẹn ti di géńdé.

* * *

Ikọ́ ni tèmi. Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún mi, ló ń mú mi húkọ́ gbígbẹ lóru, mo bá dá a dúró láìsọ fún ẹnì kan. Kò tó ọdún kan, ẹsẹ̀ mi wú, ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń sùn, torí bí mo bá sùn gbalaja, èémí ò délẹ̀. Ọkàn ti rẹ̀, kò lè fa ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Dókítà ní ká ní mo sọ, òun ì bá ti yí i sí oògùn mìíràn, losartan, lọ́jọ́ kejì. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ni mò ń gun òṣùwọ̀n láàárọ̀. Bó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, mo ní láti pè wọ́n.

* * *

Ẹ̀gbọ́n oníkọ́, ẹ ṣeun, amlodipine náà máa ń wú èèyàn lẹ́sẹ̀, ẹ̀rù ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí n sá fún un. Ní báyìí, oògùn márùn-ún ni mò ń lò, clopidogrel, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nìkan ni wọ́n ní n óò fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Sìgá le ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti padà sídìí ẹ̀. Àǹtí, eyín yẹn ńkọ́?

* * *

Wọ́n ti yọ ọ́ kí n tó mọ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe eyín ọ̀hún.