Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tó ní Parkinson (àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú ara gbọ̀n tàbí kó gan) nílé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kú ojúmọ́ o. Bàbá mi ló ní in. Tí wọ́n bá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan jẹ́jẹ́, á máa gbọ̀n. Tí wọ́n bá fi mú ife, á rọlẹ̀. Ìyẹn ni àwọn àbúrò wọn fi ń sọ pé wọ́n ń díbọ́n. Ilé wa ti gbóná, ẹ sọ tiyín.

Ìyá Ìbejì: Díbọ́n kẹ̀! Ìgbà tí ọwọ́ bá sinmi ló máa ń gbọ̀n jù. Màmá tèmi ò tiẹ̀ gbọ̀n, ojú wọn ló dì. Wọn kì í rẹ́rìn-ín, wọn kì í tètè ṣẹ́jú, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ, a gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́, ojú wọn ò yí padà. Ìyàwó ní Mọ́mì ò fẹ́ òun láti ilẹ̀. Títí dòní àwọn ará ilé rẹ̀ ò gbà pé àìsàn ni.

Àkàndé Òṣogbo: Wọ́n ní bàbá tiwa ń gbéraga.

Jagunmólú: Ẹ má bínú o, ṣé ẹ ti wádìí délé? Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ti dókítà.

Ìyá Ìbejì: A gbààwẹ̀, a mu àgbo. Owó ló tán, ojú ò tú. Ta ló fi ránṣẹ́ sí Muhammad Ali tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, tí wọ́n fi rí i lára rẹ̀ ní 1984?

Jagunmólú: Ẹ̀ṣẹ́ ni tiẹ̀.

Àdùnní Peckham: Ẹ gbọ́ tèmi. Díákónì ni Dádì mi, wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kan káàdì nílé rí. Dókítà níbí fún wọn ní ropinirole, oògùn Parkinson. Nígbà tó yá, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù lóru! Owó òrùlé ilé Ìjẹ̀bú bá a lọ. Mọ́mì kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn. Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì bi wá pé, "Ṣé Dádì ń ta tẹ́tẹ́?" A wojú ara wa. Oògùn yẹn máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé inú páálí. Wọ́n rọra dín in kù, ó dáwọ́ dúró. Mọ́mì ò tíì padà délé o.

Jagunmólú: Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó ti wà lọ́kàn bàbá tẹ́lẹ̀ 😂

Àdùnní Peckham: Bọ̀dá, ẹ fi bàbá mi sílẹ̀.

Abẹ̀kẹ́: Tẹ́tẹ́ tiẹ̀ dáa. Ti ọkọ mi, obìnrin ni. Ẹ má bi mí.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́: Ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣàdédé dá oògùn dúró o, ó léwu. Àwọn tó ń lo levodopa, oògùn Parkinson mìíràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó ní ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán, kí wọ́n tó jẹun. Ẹran àti ẹ̀wà kì í jẹ́ kó wọra dáadáa.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Háà! Mọ́ínmọ́ín ni Dádì fi ń gbé e mì láràárọ̀!

Jagunmólú: Ẹ lo yèrèpè jàre.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́: Levodopa wà nínú èso yèrèpè lóòótọ́. Èló ló wà nínú ṣíbí kan? Ẹni tó bá dà á lé ti ilé ìwòsàn lè lò ju bó ṣe yẹ lọ.

Àkàndé Òṣogbo: Kí bàbá máa gbọ̀n, kó tún máa họra? Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù ní nọ́ọ̀sì tó ń béèrè. Níbí, èmi ni nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Houston, orí fídíò ló ti ń pàṣẹ.

Àdùnní Peckham: Ta ló ń sanwó oògùn?

Àkàndé Òṣogbo: Owó kì í gbé bàbá lọ ilé ìtọ̀ lóru. Tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ lẹ téèpù funfun mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ kọjá rẹ̀. Tàbí kí ẹ kọrin sí i.

Àkàndé Òṣogbo: Fújì ni tiwa. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ á ṣí.

Jagunmólú: Fújì, láago mélòó?

Àkàndé Òṣogbo: Aago méjì òru. Lándílọ́ọ̀dù ti kọ̀wé sí wa.