Kọ̀ǹpútà mi ń fa ẹsẹ̀ látìgbà tí mo ti pààrọ̀ ohun tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fọ́tò ni mo ń yà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí, ìgbéyàwó ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Dọ́là ni wọ́n fi ń gba owó ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe tẹ́lẹ̀, lóṣooṣù, apá mi ò ká a mọ́. Mo wá ra òmíràn tí èèyàn ń sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dáa o, kódà ó gbé àwọ̀ aṣọ òkè jáde ju ti àtijọ́ lọ.

Àmọ́ ó ń falẹ̀ jù! Lánàá, mo kó fọ́tò RAW (fáìlì ńlá tó wá tààrà látinú kámẹ́rà) 600 tí mo yà ní Mápó sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 25MB. Mo ní kí n fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún ojú ìyàwó, ni àmì róbótó yẹn bá ń yí. Mo jẹ mọ́ín-mọ́ín mi tán kí ojú ìyàwó tó mọ́lẹ̀.

RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 8GB ló wà nínú láptọ́ọ̀pù mi, hard disk àtijọ́ ló fi ń tọ́jú fáìlì, kì í ṣe SSD tó yára jù ú lọ. Mo ti pa Chrome, mo ń kó fọ́tò 50 péré wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó sàn díẹ̀. Task Manager, tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ní disk ń ṣiṣẹ́ dé 100%. Bí wọ́n bá tún mú iná lọ, tó ku bátìrì nìkan, ọ̀rọ̀ di ẹkún.

Owó ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi: ṣé kí n ra SSD ni àbí kí n fi RAM kún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, ìyá ìyàwó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí.