Lẹ́tà yìí ò wọ́, ó ń sáré ni

Ẹ̀yin ará, a ń wá orúkọ Yorùbá fún bold italic ẹlẹ́sẹ̀, ìyẹn lẹ́tà ìwé títẹ̀ tó nípọn (bold), tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ (italic), tó sì ní ilà kékeré létí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ríìfù, òun la pè ní ẹsẹ̀. Orúkọ tí àbúrò wa kan gbé kalẹ̀ ò jẹ́ n sùn lánàá. Ó ní ká máa pè é ní "lẹ́tà onígboyà wíwọ́". Onígboyà kẹ̀! Ogun wo ni lẹ́tà fẹ́ lọ jà? Ara ẹ̀ ló nípọn, ẹ pè é ní nínípọn kó parí.

Àmọ́ "wíwọ́" yẹn gan-an ló dùn mí. Ṣebí igi wọ́rọ́kọ́ la ní ó ń da iná rú, àbí ẹ ti gbàgbé? Ọwọ́ àwọn akọ̀wé tó ń sáré kọ̀wé ni Francesco Griffo, agbẹ́lẹ́tà, wò tó fi gbẹ́ ítálíìkì fún Aldus Manutius, òǹtẹ̀wé ní ìlú Venice, tí wọ́n fi tẹ odidi ìwé Virgil, akéwì ará Róòmù, lọ́dún 1501, ẹ sì wá wò ó, àwọn lẹ́tà ńlá inú ìwé yẹn dúró ṣánṣán, àwọn kéékèèké nìkan ló fì. Wíwọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ti nínípọn ò tiẹ̀ tíì dé nígbà yẹn, ó tó bí 300 ọdún lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ fi fọ́ǹtì (oríṣi lẹ́tà) ẹlẹ́sẹ̀ tó ní ítálíìkì tiẹ̀ tẹ "a" sójú kọ̀ǹpútà yín. Tó bá dúró, ó ní ìkọ́ lórí. Ẹ sọ ọ́ di ítálíìkì, ìkọ́ yẹn á pòórá, á ku ikùn àti ìrù, "f" náà á na ìrù sísàlẹ̀ ìlà. Ṣùgbọ́n tí fọ́ǹtì ò bá ní ítálíìkì tiẹ̀, kọ̀ǹpútà á kàn ti lẹ́tà tó dúró ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, "a" á ṣì gbé ìkọ́ ẹ̀ lérí. Ìyẹn lẹ lè pè ní wíwọ́, mi ò jà.

Èmi ní ká pe ítálíìkì ní "àsárékọ". Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ àsárékọ nínípọn. Alàgbà kan ní "ìsárékọ" ló tọ́. Ẹ má bínú sà, ì- yẹn iṣẹ́ ló ń sọ, à- ló ń sọ ohun tó jáde lọ́wọ́, bí àdàkọ, bí àkọsílẹ̀. Ọdún 22 ni mo ti ń to ojú ìwé. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gbà ká lo lẹ́tà yìí ju àkọlé kékeré lọ, tàbí ọ̀rọ̀ kan tá a fẹ́ kójú dúró lé, tó o bá fi kún odidi ojú ìwé á ní ta lò ń pariwo mọ́. Èdè wa tún wá lámì: tí "ẹ" bá nípọn tó tún fì, àmì abẹ́ ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ikùn ẹ̀, ti òkè á sì yọrí sí lẹ́tà iwájú, "ọ́l" á wá dà bíi pé "l" ló ni àmì. Ọwọ́ ni mo fi ń sún un padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ẹni tó ní sẹ́ríìfù kì í ṣe ẹsẹ̀, pé èékánná ni torí pé "S" náà ní in lókè, ó fẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ mú mi. Àmọ́ "eléèékánná"? Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá ná.