Páílọ́ọ̀tì kọ́ńpìnnì kékeré: kí lojú yín rí lọ́dún 2020 nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ tì?

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lókè òkun. Àwọn àbúrò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba láísẹ́ǹsì ń bi mí ṣáá pé ṣé káwọn bẹ̀rẹ̀ ní kọ́ńpìnnì bàálù kékeré, torí wọ́n gbọ́ pé ó máa ń kógbá wọlé lójijì. Mo ní dípò kí n máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ síbí. Mo máa sọ tèmi, kẹ́yin náà sọ tiyín.

Amẹ́ríkà ni mo wà, Chicago ni ibùdó mi nígbà yẹn, mo ń wa Embraer oníjókòó 50, first officer ni mí, ìyẹn igbákejì kápúténì. Ẹni tí ò sí nínú iṣẹ́ yìí lè má mọ̀ o, bó o bá wọ bàálù lọ sí ìlú kékeré níbí, orúkọ United, Delta tàbí American lo máa rí lára ẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́ńpìnnì mìíì ló gba páílọ́ọ̀tì yẹn síṣẹ́ tó ń sanwó oṣù ẹ̀. Ọ̀gá ńlá, ìyẹn irú United yẹn, ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló ń sọ ìlú tá a máa lọ àti aago tá a máa gbéra, á wá san iye tí wọ́n jọ ṣàdéhùn fún kọ́ńpìnnì kékeré, èrò kún o, kò kún o. Bí ọjà bá ń lọ, ètò yìí dùn gan an. Àmọ́ orí ilẹ̀ onílẹ̀ la ti ń dáko, ọjọ́ tí onílẹ̀ bá ní òun fẹ́ gba ilẹ̀ òun, ọ̀rọ̀ parí. Kọ́ńpìnnì kékeré ò ní tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ tó lè tà, èrò tó ń gbé gan an ò mọ orúkọ ẹ̀.

Nígbà tí kòrónà wọlé ní oṣù kẹta 2020, ojú wa báyìí ni ẹ́pọ́ọ̀tì O'Hare ní Chicago ṣe dá páropáro. A máa gbéra, àwa òṣìṣẹ́ inú bàálù á fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju èrò lọ. Ní 14 oṣù kẹrin ọdún yẹn, èèyàn 87,534 péré ló gba ọ̀dọ̀ àwọn TSA, àwọn tó ń yẹ èrò wò ní ẹ́pọ́ọ̀tì, kọjá ní gbogbo Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà yẹn ní 2019, wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, àwọn kọ́ńpìnnì kékeré ti ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Trans States ní St. Louis, tó ti wà láti 1982, ti kọ́kọ́ sọ pé òun máa rọra parí iṣẹ́ kí ọdún tó parí, kòrónà ò jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, 1 oṣù kẹrin ni wọ́n kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Compass tẹ̀ lé e ní 5 oṣù kẹrin. Ọjọ́ yẹn kan náà ni kọ́ńpìnnì Ravn ní Alaska dá gbogbo bàálù ẹ̀ dúró, ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ abúlé wà níbẹ̀ tí títì ò dé rárá.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà buwọ́ lu òfin ìrànwọ́ kòrónà tí wọ́n ń pè ní CARES ní 27 oṣù kẹta, bílíọ̀nù 25 dọ́là wà níbẹ̀ fún owó oṣù òṣìṣẹ́ bàálù akérò, àdéhùn ẹ̀ sì ni pé ilé tó bá gbà á ò gbọdọ̀ fi tipá dá ẹnikẹ́ni dúró títí di 30 oṣù kẹsàn-án. Ìyẹn ló jẹ́ ká rí oúnjẹ jẹ ní gbogbo ìgbà ooru. Ẹni tí ilé tiẹ̀ ti tì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ààbò yẹn ò ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn jù nígbà yẹn ni nọ́ńbà seniority, ìyẹn ipò tó o wà lórí ìwé kọ́ńpìnnì gẹ́gẹ́ bó o ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ ìlú tó o máa fi ṣe ibùdó, bàálù tó o máa wà, bóyá o máa wà nílé lọ́jọ́ Kérésì, àti ìgbà tó o máa di kápúténì, kò sì ń bá èèyàn lọ sí kọ́ńpìnnì mìíì. Kápúténì tó ti lo ogún ọdún, bí ilé ẹ̀ bá tì, tó bá ríbòmíì lọ, ìjókòó ọ̀tún, ti first officer, ló ń lọ, ní ìsàlẹ̀ ìwé, lẹ́yìn àwọn ọmọ tó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló kọ́ wọn níṣẹ́. Torí náà gbogbo àsọgbà tá a ń sọ nínú WhatsApp ni pé ṣé ká lọ ni àbí ká dúró? Bó o bá dúró, ilé lè wó lé ẹ lórí. Bó o bá lọ, ìwọ lo dé kẹ́yìn níbi tó o lọ, ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ dá dúró. Mo mọ àwọn ọ̀rẹ́ tó ti tètè lọ ní oṣù kejì kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo wa ń kí wọn kú oríire, ibi tí wọ́n sá lọ gan an ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba lẹ́tà ìdádúró. Ẹni tó bá ní òun mọ èyí tó dáa jù nígbà yẹn, irọ́ ló ń pa.

Ìparí oṣù keje ni United wá sọ pé kọ́ńpìnnì kékeré kan ṣoṣo lòun fẹ́ kó máa wa ERJ-145, Embraer oníjókòó 50 yẹn, fún òun, CommutAir ló sì mú, ExpressJet tí wọ́n jọ ń wà á parí tiẹ̀ fún United ní 30 oṣù kẹsàn-án. Gbogbo àwa tó ń wa oníjókòó 50 níbikíbi, àyà wa já. Lẹ́tà tèmi wọlé nínú íméèlì lóru, ìkìlọ̀ ọjọ́ 60 tí òfin ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, ẹkún ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Mo fi ọkọ̀ kó ẹrù kiri láti ilé dé ilé títí 2021 fi dé.

———

Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Èmi kì í ṣe páílọ́ọ̀tì, ọkọ mi ni. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Texas. Ẹ jẹ́ n sọ tàwa ìyàwó, torí wọn kì í sábà béèrè lọ́wọ́ wa. Nígbà tí wọ́n ní kí bàbá àwọn ọmọ mi máa sinmi nílé, èmi ni mò ń jáde lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń kú, tí mo bá dé, ọ̀dọ̀ gáréèjì ni mo ti máa bọ́ aṣọ kí n tó wọlé, mo máa bá a ní parlour níbi tó ti ń ka ọ̀rọ̀ yúníọ̀nù lórí fóònù, oúnjẹ tí mo sè sílẹ̀ á ṣì wà bó ṣe wà. Gbèsè ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ bàálù ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa, owó tó fi kó wákàtí ìwakọ̀ bàálù jọ kó tó pé 1,500 la ṣì ń san díẹ̀díẹ̀. Àbúrò ẹ̀ méjì wà ní yunifásítì nílé, òun ló ń sanwó wọn. Màmá wọn ní Ìjẹ̀bú á pè, wọ́n á ní "ọmọ mi, ṣé o ti padà sẹ́nu iṣẹ́?", ó máa ní "bẹ́ẹ̀ ni, mà", ó máa wá wò mí pé kí n má sọ nǹkan kan. Ohun tó gbà wá ni pé ìbánigbófò ìlera gbogbo ilé wà lábẹ́ iṣẹ́ tèmi. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó bá fẹ́ fẹ́ páílọ́ọ̀tì, kò sóhun tó burú níbẹ̀, iṣẹ́ tó níyì ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi iṣẹ́ tiyín sílẹ̀ o. Wọ́n pè é padà ní 2021, ọjọ́ yẹn mo jó.

———

Ìlú Ọba ni mo wà. Tiwa ò tiẹ̀ dúró de kí kòrónà wọlé dáadáa, Flybe, kọ́ńpìnnì bàálù kan níbí, tì mọ́jú 5 oṣù kẹta 2020, ó lé ní 2,000 òṣìṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn. Kọ́ńpìnnì tèmi kéré ju tiwọn lọ, turboprop, bàálù alábẹ̀bẹ̀, la ń wà, torí náà ọjọ́ tá a gbọ́ ìròyìn yẹn ni gbogbo wa nínú yàrá òṣìṣẹ́ dákẹ́. Nígbà yẹn ìjọba ń san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wa, tí ò gbọdọ̀ ju £2,500 lọ lóṣù, kò tó nǹkan fún ẹni tó ń san lọ́ọ̀nù ilé àti ti ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ pa pọ̀ àmọ́ a dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n tún dá Flybe sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n ní kí n wá, ìyàwó mi ló ní ká ṣe sùúrù, ó tún tì ní 28 oṣù kìíní 2023. Àánú àwọn tó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣì ń ṣe mí títí dòní.

———

Ẹ̀gbọ́n, tiyín ṣì dáa o, ìjọba fún yín lówó oṣù. Ìkẹjà ni mo wà ní tèmi, bàálù abẹ́lé ni mò ń wà. Wọ́n ti gbogbo ẹ́pọ́ọ̀tì pa, títí di 8 oṣù keje 2020 kí bàálù abẹ́lé tó tún gbéra láti Èkó sí Àbújá. Láàárín ìgbà yẹn, ìdá díẹ̀ nínú owó oṣù ni wọ́n ń fún wa, nígbà tó yá kò wá mọ́. Tí ẹ bá pe ọ́fíìsì, wọ́n á ní ẹ fara dà á. Èyí tó tún bà mí nínú jẹ́ ni pé òkèèrè la ti ń ṣe simulator, ẹ̀rọ tó dà bíi bàálù tí wọ́n fi ń dán wa wò, gbogbo bodà sì ti tì, ọjọ́ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí wa ń lọ sópin, lóòótọ́ wọ́n sún un síwájú fún wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá ti fọwọ́ kan bàálù fún oṣù púpọ̀ mọ bó ṣe máa ń rí lára. NAAPE, ẹgbẹ́ àwa páílọ́ọ̀tì àti ẹnjiníà bàálù, ké títí. Ẹnìkan tá a jọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ bàálù ní Zaria ń sin adìyẹ ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, kò padà sídìí iṣẹ́ yìí mọ́, páílọ́ọ̀tì gidi ni o. Ó ń dùn mí.

———

Èmi tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí náà ni. Ìyá wa nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan an, mo ka tiyín fún ìyàwó mi.

Àbúrò tó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, mo ní kí n dá ẹ lóhùn síbí kí gbogbo èèyàn rí i. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rí wákàtí ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ kó o tó buwọ́ lùwé, bi wọ́n pé ọ̀gá ńlá mélòó ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Bí àpẹẹrẹ, kọ́ńpìnnì SkyWest ń wà fún United, Delta, American àti Alaska Airlines, bí ọ̀kan bá ní òun ò ṣe mọ́, mẹ́ta ṣì kù. Ilé tó jẹ́ pé ọ̀gá ńlá kan ṣoṣo ló ń bá ṣiṣẹ́, bàálù oníjókòó 50 nìkan ló sì ní, ìyẹn ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí, torí irú bàálù yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé lọ pa mọ́ sí aṣálẹ̀ bí ọjà bá kú.

Bó o bá ti wà níbẹ̀, máa tẹ logbook ẹ, ìwé tó o ń kọ wákàtí ìwakọ̀ ẹ sí, síta, kó o sì gba ẹ̀dà gbogbo ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ti simulator ẹ sọ́wọ́ nígbà tí ilé ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí kọ́ńpìnnì bá ti tì, wọ́n á pa ẹ̀rọ ayélujára wọn, ẹni tó o máa pè ní ọ́fíìsì náà ti ń wá iṣẹ́ kiri bíi tìẹ, ibi tó o bá sì lọ wáṣẹ́ á ní kó o kó ìwé yẹn wá. Má jẹ́ kí medical ẹ, ìwé ẹ̀rí ìlera páílọ́ọ̀tì, kú rárá, ì báà ṣe ẹrù lò ń kó kiri. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá páílọ́ọ̀tì lójú méjèèjì ní 2021, ẹni tí ìwé ẹ̀ pé ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

Ẹni tó bá wà ní Alaska nígbà tí Ravn dúró, tàbí tó mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, a ò tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni láti ọ̀hún.