Ṣé kí n yọ irin ààbò tó wà níwájú táyà Bronco mi kí táyà ńlá lè wọlé?

Agúnpáta, Houston

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín o. Ford Bronco onílẹ̀kùn mẹ́rin ti ọdún 2022 ni mò ń wà, èyí tí kò bá àkójọ Sasquatch (àfikún ohun èlò Ford fún ojú ọ̀nà líle) jáde láti iléeṣẹ́. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń múra àtilọ gun àpáta ní Moab, ní ìpínlẹ̀ Utah, mo sì fẹ́ fi táyà oní-ínṣì 37 sí i. Nígbà tí a yá táyà ọ̀rẹ́ mi kan láti fi dán an wò, bí mo bá ti yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, ṣe ni táyà ń ha irin kan tó wà lẹ́yìn igun bọ́ńpà, tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ṣásì lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó ń ta táyà ní kí n yọ irin náà dànù, pé gbogbo ènìyàn ló ń yọ ọ́. Kí ni iṣẹ́ irin yìí gan-an? Ṣé òfin Amẹ́ríkà sì gbà mí láyè láti yọ ọ́? Ọkọ̀ kan náà yìí ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, òun náà ni mo sì fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Ẹlẹ́rọ Abẹ́ Ọkọ̀

Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Ìkọlù tó bá dé bá igun ọkọ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi irin yẹn síbẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá forí sọ ara wọn, irin ṣásì méjèèjì tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn ni yóò gba agbára náà, tí yóò sì máa ká kò díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ èrò inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ igi, òpó iná tàbí igun ọkọ̀ mìíràn ni ẹ fi ẹ̀gbẹ́ iwájú gbá, agbára náà á gba ìta ṣásì kọjá, á bá táyà níbẹ̀, á sì ti táyà wọ ibi tí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé. Irin kékeré tí ẹ rí yẹn yọ síta kí ó lè pàdé ohun náà ṣáájú táyà, kí ó fa agbára rẹ̀ wá sára ṣásì, kí ó sì taari ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Àjọ IIHS, tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ń náwó sí, ló bẹ̀rẹ̀ ìdánwò irú ìkọlù yìí ní ọdún 2012. Wọ́n á fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ iwájú ọkọ̀ kọlu ògiri tí kì í mì, lórí eré kìlómítà 64 ní wákàtí kan. Jeep Wrangler tí wọ́n kéde èsì rẹ̀ ní ọdún 2020 kọlu ògiri náà tán, ó sì ṣubú fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọkọ̀ gíga tó jókòó sórí ṣásì kì í rọrùn láti dáàbò bò nínú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀, nítorí náà irin yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Ọ̀rẹ́ Ẹrẹ̀

Mo gbọ́ tí ẹlẹ́rọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù ba oníbéèrè. Bronco ti ọdún 1966 kò ní irin yìí, a sì wà á. Ní ti òfin, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní 49 U.S.C. 30122 ni ẹ ń béèrè. Ó kà á léèwọ̀ fún ẹni tó ṣe ọkọ̀, ẹni tó ń tà á, ẹni tó ń yá a fúnni àti mẹkáníìkì láti mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun ààbò tí wọ́n fi sí ọkọ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà ìjọba àpapọ̀ di aláìṣiṣẹ́. Kò dárúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. Ìpínlẹ̀ Texas alára, níbi tí Houston yín wà, ti fagi lé àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti ìṣòwò láti oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹ mú sípánà yín.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ọ̀rẹ́ Ẹrẹ̀, bí ẹ ṣe ka òfin náà tọ̀nà. Kódà, ìdánwò IIHS kì í ṣe ìlànà ìjọba, èèyàn sì lè jiyàn bóyá irin yìí wà lábẹ́ òfin náà rárá. Ṣùgbọ́n òfin kọ́ ni yóò jókòó sórí àga ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ oníbéèrè. Bronco ti ọdún 1966 tí ẹ ń sọ kò ní airbag kankan, a kò sì torí ìyẹn yọ ti ọkọ̀ òní.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà airbag ń wo bí eré ọkọ̀ ṣe ń já wálẹ̀ lójijì, airbag sì gbọ́dọ̀ kún tán láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí iwájú ọkọ̀ ṣe ń ká kò nígbà tó jáde láti iléeṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀, bí ẹ bá sì yọ irin náà, ìṣirò yẹn lè máà bá ọkọ̀ yín mu mọ́. Ẹ ó ta ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ kan pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí, tí wọ́n kàn fi ìdérí tuntun bo ojú airbag tó ti tú, mọ̀ pé ẹni tó yọ nǹkan nìkan ló máa ń mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Agúnpáta, Houston

Ẹ ṣeun, mà. Ṣé bí mo bá gbé ọkọ̀ sókè, kò ní ha mọ́?

Ẹlẹ́rọ Abẹ́ Ọkọ̀

Ìyẹn nìkan kò yanjú rẹ̀ tán, torí bí táyà bá gun òkúta, sípíríǹgì á ká, táyà á sì tún gòkè lọ bá irin náà. Oní-ínṣì 35 ni kí ẹ rà, òun náà ló ń bá Sasquatch jáde láti iléeṣẹ́. Ẹ má ra ríìmù tó gbé táyà síta jù, torí táyà tó jìnnà sí ara ọkọ̀ máa ń gba àyè tó fẹ̀ bí ẹ bá ń yí ọwọ́ ọkọ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń lọ ha irin. Bronco Raptor, irú Bronco mìíràn, ń lo 37 lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín táyà ọ̀tún àti ti òsì rẹ̀ fẹ̀ ju ti yín lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ bọ́ńpà irin, irú èyí tí wọ́n ṣe láti bá irin ààbò náà gbé pọ̀ wà lọ́jà.

Ọ̀rẹ́ Ẹrẹ̀

Èmi kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi fún ọkọ̀ tí a ń fi tírélà gbé dé igbó, tí kì í rìn lójú títì. Ti ẹni tó ń gbé ọmọ yàtọ̀, mo gbà. Oní-ínṣì 35 yóò gun Moab dáadáa bí ẹ bá dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ẹ tó wọ orí àpáta. Ẹ ṣáà mú ẹ̀rọ tí ẹ ó fi fẹ́ ẹ padà dání kí ẹ tó bọ́ sórí ọ̀dà.