Sípíkà wo ló yẹ gìtá tó ń gba inú modeler kọjá?

Onígìtá Ọ̀fà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. HX Stomp ni mò ń lò lóde ìnáwó, modeler ni, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe bí áńpù àti sípíkà gìtá. Nínú hẹ́dífóònù, ohùn rẹ̀ dán. Lórí sípíkà ńlá, ó ń gún etí. Mo fẹ́ ra ẹyọ kan tí kò ní fi ohùn tirẹ̀ kún un.

Ẹlẹ́rọ Tanke: Àbúrò, sípíkà ínǹṣì 12 tó ní áńpù nínú ti tó. Má wo 2000W ara páálí, peak nìyẹn, agbára ìṣẹ́jú akàn lásán. RMS, agbára tó lè gbé jáde láìdúró, ni kí o béèrè. Tan cab tàbí IR inú modeler, ìyẹn àwòkọ ohùn sípíkà gìtá. Sípíkà gìtá gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tó ju bíi 5 kHz lọ jáde, àmọ́ tweeter (ẹnu kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde) inú sípíkà tí o fẹ́ rà yìí á gbé gbogbo rẹ̀. Nínú modeler, fi high cut (tó ń gé ohùn tín-ín-rín) sí 7 kHz, low cut (tó ń gé báàsì) sí 90 Hz. Ẹ̀yìn sípíkà, LINE ni kí o yàn. MIC ló ń mú kí ohùn ya.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n hẹ́dífóònù gan-an ló fa wàhálà yẹn. Bí ohùn bá ṣe ń ròkè tó ni etí ń gbọ́ báàsì àti ohùn tín-ín-rín sí i. Ẹ tún preset yín (ètò ohùn tí ẹ fi pamọ́ sínú modeler) tò lórí sípíkà, kó ròkè bíi tòde. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, báàsì á pọ̀jù.

Onígìtá Ọ̀fà: Ẹ ṣé. Tó bá ń kùn lórí jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Ẹlẹ́rọ Tanke: HX Stomp kò ní ihò XLR, irú èyí tí wáyà máìkì ń lò. Fi DI box (àpótí kékeré tó ń sọ ohùn gìtá di irú èyí tí ihò XLR míísà ń gbà) sáàárín òun àti míísà, kí o tẹ ground lift, bọ́tìnnì ara rẹ̀ tó ń já earth wáyà ohùn nìkan. Má gé ẹsẹ̀ earth plọ́ọ̀gì o! Iná á gbé ẹ.