Ṣé dandan ni kí n ṣe alága bíi tàwọn tó wà nínú fídíò?

Alága Ìjemọ̀:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Alága ìjókòó ni mí, Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá ìyàwó kan pè mí láti Èkó nítorí ìdána ọmọ wọn tó máa wáyé ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́. A ti sọ̀rọ̀ owó, ó ti yanjú. Ni wọ́n bá fi fídíò alága kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n ní bí ẹni yẹn ṣe ń ṣe gan-an làwọn fẹ́ kí n ṣe.

Mo wò ó tán. Obìnrin náà mọṣẹ́, mi ò ní bà á jẹ́. Ohùn rẹ̀ ń dún kíkankíkan, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì lu Yorùbá, kò sí ohun tí kò gbowó lé: owó ìkànlẹ̀kùn, owó ìdìde, owó ìwé kíkà. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ dọ̀bálẹ̀ títí agbádá wọn fi run.

Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́ mi ní ẹ̀gẹ̀, ewì tí àwa Ẹ̀gbá máa ń sun, n'Íjẹmọ̀, nídìí láfún tí wọ́n ń sá. Ohùn mi kì í lọ sókè. Tí mo bá dé agbo, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé Ẹ̀gbá ibo ni yín? Ṣé Aké ni àbí Òkè-Ọnà, ṣé Gbágùrá ni àbí Òwu? Bí ìdílé kan bá ní Òwu làwọn, màá rán wọn létí pé lọ́dún 1830 ni Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, tí àwọn Òwu wá dé bá wọn lọ́dún 1834, tí wọ́n sì rí àyè jókòó. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni kí ìdílé ọkọ fún ọmọ yìí láyè. Ẹ ò rí i bí àwọn àgbàlagbà ṣe máa ń sún àga wọn mọ́ iwájú! Ìgbà yẹn ni màá tó mú orógbó, oyin àti iyọ̀, màá fi wúre lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ní ká máa wo irú fídíò wọ̀nyí, ká máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ ń ṣe é, iṣẹ́ sì ń wọlé fún wọn. Ó ń dùn mí gan-an, torí ìyàwó tí mo bá fi ẹnu ẹlòmíì súre fún, mi ò mọ̀ bóyá mo súre fún un. Ṣé kí n gba iṣẹ́ yìí?

Onígángan Láfẹnwá:
Àbúrò mi, ẹ̀yìn ẹ̀yin alága ni mo ti ń jẹun. Alága tó ń sọ tinú ara rẹ̀, ìlù á ti mọ ibi tó ń lọ kó tó débẹ̀. Èyí tó há ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sórí, tó bá fi gbàgbé díẹ̀, gbogbo wa la máa dúró. Mo bá ọ̀kan ṣiṣẹ́ ní Aṣérò tó ní kí ìyàwó sun ẹkún ìyàwó. Ẹkún ìyàwó dùn létí mi, àmọ́ tàwọn Ọ̀yọ́ ni, ọmọ Ẹ̀gbá yẹn kò gbọ́ ọ rí nílé wọn. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ ìyá bàbá rẹ̀ wà níwájú níbẹ̀, wọ́n mọ ẹ̀gẹ̀ dáadáa, ẹnikẹ́ni ò gbé máìkì fún wọn. Inú bí mi dalẹ́ ọjọ́ náà.

Adétòó Pańṣẹ́kẹ́:
Èmi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀ o. Wákàtí la fi ń gba gbọ̀ngàn, bí àkókò bá pé, wọ́n á paná. Àlejò míì ò sì gbọ́ Yorùbá rárá. Aunty, ẹ wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ fi etí sí bó ṣe ń lo àkókò nìkan. Ìyẹn ni kí ẹ mú. Ẹ̀gẹ̀ yín ṣì máa wà níbẹ̀. Tóhùn yín ò bá lọ sókè, ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó máìkì.

Ìyá Ìbejì, Ìtòkú:
Ọmọ mi, ìyá ìyàwó yẹn ò rí tìẹ rí ni. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n bèèrè. Èmi náà ti fọmọ fọ́kọ, alága tí mo mú, níbi ìdána ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ ọ tó ń ki ìran ìyá mi, mo sunkún níjokòó. Fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sí wọn.

Alága Ìjemọ̀:
Ẹ ṣé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo fi ẹ̀gẹ̀ ránṣẹ́ lóru àná, mo sì pè wọ́n láàárọ̀. Mo ní bó bá jẹ́ obìnrin inú fídíò ni wọ́n fẹ́, màá dá owó àsansílẹ̀ wọn padà láìbínú. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí bóyá mo mọ oríkì Gbágùrá, pé bàbá àwọn a máa kì í fáwọn nígbà tí wọ́n wà láyé. Iṣẹ́ náà ti di tèmi, màá sì ṣọ́ aago bí Adétòó ṣe wí. Ti Gbágùrá tó wà lẹ́nu mi kò tíì kún tó. Ẹni tó bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Màá wá bá wọn nílé, màá mú obì dání.